Ọfà Tó Bá Ọwọ́ Ẹni Mu: Ìtàn Ọ̀pá Bíyáà

Bíyáà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Bíyáà la wí o, kì í ṣe bíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí a ti ń rí ọ̀kan la ti sábà máa ń rí èkejì.

Ohun tó fà á nìyí. Ọmọkùnrin kan tí a kọ́ ní ilé-ìwé níjọ́sí, tó ti ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń jó irin pọ̀ báyìí, wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àbámẹ́ta kan. Ó gbé fóònù síwájú wa. Àwòrán ọ̀pá bíyáà dúdú kan ló wà níbẹ̀, carbone ni wọ́n fi ṣe é. Apá iwájú rẹ̀ nìkan, láìka ìdí, ju 200.000 sefà lọ. Ó ní, “Mèsíyé, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í yà kúrò lọ́nà pẹ̀lú èyí. Ṣé kí n rà á?”

A bi í pé níbo ni owó ti máa wá. Ó dákẹ́. Owó tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń kó jọ láti fi gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ìdíje kan ń bọ̀ ní àdúgbò, ó sì gbà pé bí òun bá ti ní ọ̀pá yẹn lọ́wọ́, òun á rí owó náà padà ní ìlọ́po méjì kí ìyá òun tó mọ̀.

A kò sọ pé rárá fún un. Ọmọ tí wọ́n bá sọ pé rárá fún láìsọ ìdí, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà lọ ra ohun náà. Ohun tí olùkọ́ mọ̀ ọ́n ṣe la ṣe: a ní kó jókòó, a sọ ìtàn fún un. Ìtàn náà la kọ fún yín yìí, pẹ̀lú díẹ̀ tí a gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lédè Faransé, billard kì í ṣe orúkọ eré ní ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ igi ni. Bille ni wọ́n ń pe ègé igi, billard sì ni igi tí orí rẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù kiri lórí koríko níta. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà wọlé sórí tábìlì, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó, bí ẹni pé koríko náà ló bá wọn wọlé. Ọba Louis kọkànlá ti ní tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí yóò fi di ayé Louis kẹrìnlá, eré ààfin ni. Saint-Simon, ẹni tó kọ ìròyìn ààfin náà sílẹ̀, sọ pé bíyáà ló mú Michel Chamillart súnmọ́ ọba. Ní 1699 ó di alábòójútó ìṣúra, ní 1701 wọ́n fi mínísítà ogun kún un. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe bíyáà: nígbà tó fi di 1709, ipò méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Igi tí wọ́n fi ń gbá a nígbà náà kò jọ tiwa. Ó ní orí ńlá pẹlẹbẹ, ó sì ní ọrùn gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ènìyàn á gbé orí náà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á tì í lọ; wọn kì í gbá a bí a ti ń gbá a yìí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù bá lọ fara ti etí tábìlì, orí ńlá yẹn kò ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ni wọ́n bá ń yí igi padà, wọ́n ń fi ìrù rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìrù lédè Faransé ni queue. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kọ ọ́ ní cue. Nítorí náà, ohun tí gbogbo ayé ń dì mú lónìí, ìrù ni. Orí ti lọ. Fún ìgbà pípẹ́, ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kò jẹ́ kí obìnrin lo ìrù yìí. Wọ́n ní wọn á fa aṣọ tábìlì ya, igi olórí ńlá ni wọ́n ń fún wọn. Kí àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ wá wo àwọn ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa.

Ìrù náà ní àbùkù tirẹ̀. Igi lásán ni ẹnu rẹ̀. Ẹ fi igi líle lu bọ́ọ̀lù líle: àfi kí ẹ gbá a láàárín gédégédé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá á yọ̀, bọ́ọ̀lù á gba ibi tó wù ú lọ. Ẹni tí gbogbo ìwé ń dárúkọ pé ó tún un ṣe ni François Mingaud, kapitéènì ọmọ ogun Faransé kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ dùn púpọ̀. Wọ́n ní ó wà ní ẹ̀wọ̀n Bastille nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tábìlì bíyáà kan wà níbẹ̀, ó lẹ ègé awọ mọ́ ẹnu igi, eré náà sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ àwọn tó ń ṣọ́ ọ pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ ẹ̀wọ̀n òun.

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Faransé kò lè gbé èyí mì. Ọjọ́ 14 oṣù keje 1789 ni wọ́n gba Bastille, wọ́n sì wó o palẹ̀. Ọdún 1807 ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ fún awọ Mingaud. Ta ló ń ṣẹ̀wọ̀n nínú ilé tí wọ́n ti wó láti ọdún méjìdínlógún? Bí ó bá ṣẹ̀wọ̀n, ibòmíràn ni. Ohun tó dájú ni ìwé rẹ̀, Noble jeu de billard, tó jáde ní Paris ní 1827, tí John Thurston sì tẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́nù ní 1830.

Ègé awọ kékeré yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà. Awọ máa ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré ju ìpajú lọ, ìyẹn sì tó. Ènìyàn wá lè gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ kó lu òmíràn kó sì padà sẹ́yìn, ó lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa pòyì lọ. Àwọn Faransé sọ awọ náà ní procédé, ìyẹn ni pé ọgbọ́n tí a fi ń ṣe nǹkan. Kò sí orúkọ tó tún bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1835, onímọ̀ ìṣirò kan kọ odindi ìwé lórí bí bọ́ọ̀lù bíyáà ṣe ń yí. Orúkọ rẹ̀ ni Coriolis. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ jeográfì tó rinlẹ̀ díẹ̀ ní kólẹ́ẹ̀jì á rántí orúkọ yẹn níbi tí a ti ń ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni kan náà ni.

Ẹfun búlúù tí a ń fi kun awọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1897, William Spinks tó jẹ́ agbábíyáà àti William Hoskins tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, gba ìwé àṣẹ lórí irú tí a ń lò títí dòní. Kò sí ẹfun nínú rẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú òkúta líle ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tó ń jí ẹfun pátákó wa lọ sí ìdí tábìlì, ìyà lásán lẹ ń fi jẹ awọ yín.

Bí awọ ti wá lè ṣe púpọ̀, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ọ̀rọ̀. Wọ́n wá ń gé ọ̀pá sí méjì, wọ́n ń fi ìdè tó ń yí wọra dè é láàárín. Ìdí ni wọ́n ń pè ní fût. Iwájú, ibi tó ń sáré láàárín ìka wa, flèche ni. Flèche, ọfà ni. Ọfà náà la ó máa pè é láti ibí lọ.

Ọ̀nà wá yà sí mẹ́ta. Àwọn Faransé àti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù di tábìlì tí kò ní ihò mú, bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré. Bọ́ọ̀lù náà tóbi, 61,5 mìlímítà, ó sì ju 200 gíráàmù lọ. Amẹ́ríkà mú tábìlì oníhò mẹ́fà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ bíi 57 mìlímítà, kò sì ju 170 gíráàmù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú snooker, bọ́ọ̀lù 52,5, ihò tóóró; bọ́ọ̀lù tábìlì kékeré ilé ọtí wọn tún kéré jù bẹ́ẹ̀. Eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ń gbẹ́ àwọn bọ́ọ̀lù tó dára nígbà yẹn. Ó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Phelan àti Collender ní Amẹ́ríkà fi ṣèlérí 10.000 dọ́là ní àwọn ọdún 1860 fún ẹni tó bá rí ohun mìíràn tí a lè fi ṣe é. Ibẹ̀ ni John Wesley Hyatt ti bẹ̀rẹ̀, tó fi di pé ó ṣe seluloíìdì. Ọ̀rọ̀ erin yẹn gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀.

Igi tí a fi ń gbá ohun tó wúwo kò lè rí bí èyí tí a fi ń gbá ohun tó fúyẹ́. Ọfà tàwọn Faransé le, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 11 sí 12 mìlímítà, ó sì ń nípọn sí i láti ẹnu títí dé ìdí. Ti Amẹ́ríkà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, 12 sí 13. Ti snooker tẹ́ẹ́rẹ́, 9 sí 10, pẹ̀lú òrùka idẹ lọ́rùn. Igi méjì ló gbajúmọ̀, ará ilẹ̀ òtútù ni wọ́n: érable ni ti Amẹ́ríkà àti ti Faransé, frêne ni ti snooker. Frêne ní ìlà tó hàn kedere, àwọn tó ń gbá snooker a máa fi ìlà náà tọ́ ojú. Érable dán, ó ń yọ̀ lórí ìka. Igi dúdú tiwa, ébène ti Gabon àti Kamẹrúùnù, ìdí ọ̀pá ni wọ́n fi ń ṣe nítorí pé ó wúwo. Áfíríkà wà lẹ́yìn, ilẹ̀ òtútù wà níwájú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwa gan-an ti jìyà àìmọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra ọ̀pá kan lọ́jà ní ìlú ńlá kan. Ó lẹ́wà, ó ní òrùka idẹ tó ń dán, ìlà igi rẹ̀ dà bí ìgbì omi. Ọlọ́jà ní ọ̀pá àwọn ọ̀gá ni. A mú un wá sídìí tábìlì tí a ń lò, tábìlì bọ́ọ̀lù ńlá. Bọ́ọ̀lù á lọ, ọfà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ wa bí ẹni tí ibà ń ṣe. Awọ rẹ̀ fẹ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹta, igi ti là lábẹ́ òrùka idẹ. A bínú sí ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé kò parọ́: ọ̀pá àwọn ọ̀gá ni lóòótọ́, ọ̀gá snooker. Àwa la gbé ọ̀kọ̀ ẹja lọ pa efọ̀n.

Nítorí náà, bọ́ọ̀lù tó wà lórí tábìlì tí ẹ ń gbá lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ ẹni tó kàn. Ẹni tó bá ń fi ìka yí ọ̀pá ká bí òrùka, tó sì ń fa ọwọ́ sẹ́yìn gígùn kó tó gbá, ọfà tí kò yí ìwọ̀n padà fún nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà láti ẹnu ni yóò bá a lára mu, nítorí pé ìka rẹ̀ kò ní máa ṣí bí ọ̀pá ti ń lọ. Ẹni tó ń gbé ọ̀pá lé orí àtàǹpàkò láìfi ìka dè é, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú bíi tàwọn tó ń gbá bíyáà Faransé, ọfà tó ń nípọn lọ díẹ̀díẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́. Líle rẹ̀ á tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹnu tó fẹ̀, 13 mìlímítà, ń dárí ji ẹni tó ń gbá àárín bọ́ọ̀lù. Ẹnu tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí a fẹ́ gbá gan-an, ó sì rọrùn láti fi pòyì bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í bo àṣìṣe.

Ní báyìí, ìyapa tí ọmọ yẹn ń sọ. Òótọ́ ni. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù funfun ní apá òsì rẹ̀: kò ní lọ tààrà síbi tí ọ̀pá kọjú sí, yóò yà díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìwúwo orí ọfà ló fà á. Bí bọ́ọ̀lù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń ti orí ọfà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí orí ọfà bá wúwo, kò ní gbà, bọ́ọ̀lù ló máa yà. Bí ó bá fúyẹ́, òun ló máa yẹra fún bọ́ọ̀lù. Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ojú ni àwọn àgbà fi ń ṣírò ìyapa yìí. Ní àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Predator ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n dán ọfà wò, wọ́n sì ta ọfà tí wọ́n fi ègé igi lẹ̀ mọ́ra bí awẹ́ obì, tí wọ́n gbẹ́ inú orí rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ìyapa dín kù. Dín kù la wí, kò tán. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá yìí ni ọfà carbone wá gbòde; òfìfo ni inú rẹ̀, ó sì le.

A kò ní purọ́ mọ́ carbone. Ọ̀kan nínú oore rẹ̀ kàn wá gan-an níbí: igi ọfà kò fẹ́ràn ojú ọjọ́ wa. Ọ̀rinrin òjò wọ̀ ọ́, ọyẹ́ dé ó fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó tẹ̀. Ẹ yí ọ̀pá ilé ọtí èyíkéyìí lórí tábìlì kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń jó. Carbone kì í tẹ̀. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀ lápò, tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù gbá nígbà gbogbo, kò ṣe àṣìṣe bó bá rà á. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ ìyapa ọfà àtijọ́, kó mọ̀ pé yóò tún ìṣirò kọ́ ní àkọ́tán, yóò sì máa pàdánù bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó sì ń gbá àárín, kí ló fẹ́ rà? Kò sí ìyapa láàárín. Ní oṣù kẹta 1954, ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, Willie Mosconi sọ bọ́ọ̀lù 526 sí ihò láìpàdánù ẹyọ kan. Ọ̀pá igi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀; wọn ò tíì bí carbone sínú eré náà.

Nígbà tí a sọ ìtàn dé ibí, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ náà ní, “Mèsíyé, èmi ńkọ́? Irú wo ni mò ń gbá?” A ní ká lọ sídìí tábìlì. A gbé bọ́ọ̀lù funfun kan ṣoṣo sílẹ̀, a ní kó gbá a láàárín, kó lọ lu etí tábìlì lọ́hùn-ún, kó sì padà wá bá ẹnu ọ̀pá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn rọrùn. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá rẹ̀ kọjá. Ó tún un ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló gbá a, ẹ̀ẹ̀kan péré ni bọ́ọ̀lù bá awọ. Ó ń gbé èjìká sókè bí ọ̀pá ti ń lọ, ó ń fi òsì gbá a láìmọ̀, ó sì ti gbà láti ọjọ́ yìí wá pé ọfà ló ń tan òun.

A fún un ní ọ̀pá érable wa, 13 mìlímítà, èyí tí a rà lẹ́yìn tí ti onídẹ là. Ó gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ àbámẹ́ta tó kọjá, a bá a nídìí tábìlì kan náà, bọ́ọ̀lù funfun kan ṣoṣo níwájú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń bá ara rẹ̀ díje nìyí. Ìyá rẹ̀ ti gbé ìdajì owó òmìnira fún ọ̀gá rẹ̀. Ní ti ọ̀pá wa, ó ní kí a ṣì ní sùúrù.